Púlọ́ọ̀gì tí Yóò Tún Un Ṣe Díẹ̀

Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ iṣẹ́ náà sì ti gbé orúkọ àbísọ rẹ̀ mì pátápátá. Bí gíláàsì fèrèsé bá fọ́ nílé ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n ń ké sí. Á gbé ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù rẹ̀ aláwọ̀ eérú dé, á wọn ojú fèrèsé, á lọ gé gíláàsì, á padà wá fi í sí i, á fi gọ́ọ̀mù di etí rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún máa ń mú kí èèyàn dúró síta ilé onílé fún ìgbà pípẹ́, kó máa wo inú. Ó ti rí ọmọ tó sùn lọ sórí ìwé iléèwé rẹ̀. Ó ti rí bàbá tó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro kiri, tó ń wá bàtà kejì. Ó ti rí tọkọtaya tó ń jà lórí ẹni tó máa di rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n mú, tí wọ́n sì gbàgbé pé ẹnì kan wà lójú fèrèsé. Bó bá ti ṣe tán, á nu gíláàsì náà títí á fi dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á kó irin iṣẹ́ rẹ̀, á gba ilé lọ. Nílé tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá a du rìmóòtù.

Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ni Onígíláàsì ń rìn kiri láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní òdìkejì ìlú, níbi tí èèyàn ti máa wọ bọ́ọ̀sì méjì kó tó dé. Kò sí ìjà láàárín bàbá àti ọmọ o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ wọn. Iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ń po ìyẹ̀fun láti ìdájí títí dọ̀sán, tó bá délé, bẹ́ẹ̀dì ló máa wá, kì í ṣe bàbá. Ó ń pè é lórí fóònù déédéé. “Bàámi, ṣé ẹ ti jẹun?” Á ní òun ti jẹun. “Ṣé kò sí nǹkan?” Kò sí. Ọ̀rọ̀ parí. Bàbá á ṣì gbé fóònù sétí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti dákẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nínú rẹ̀ tí yóò jábọ́.

Ibi tí nǹkan ti yí padà ni ìgbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló ń tan iná sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn sán lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan tó ń gbé gíláàsì lọ. Mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí tú gbogbo àpótí rẹ̀, ó rí ọ̀kan tó fẹ́ jọ ọ́, ó dè é mọ́ ọn, ó ní, “Ẹ fi èyí délé ná, kẹ́ ẹ ra ojúlówó lọ́la.” Ọ̀la yẹn kò mọ́ rí. Ọkọ̀ ń lọ, àmọ́ ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, gíláàsì kì í sì í bá ibà ṣeré. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, gíláàsì ńlá kan fọ́ yángá sẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá wá fi ìtìjú pe ọmọ rẹ̀ pé ṣé ó lè wá bá òun di èyí tí òun máa gé rọ́pò rẹ̀ mú ní Sátidé, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ilé búrẹ́dì fún un láti sinmi. Ọmọ ní kò burú.

Ìdúró ni wọ́n ń gbé gíláàsì ńlá, kì í dùbúlẹ̀. Bàbá gbé e sínú férémù igi tó kàn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi fóòmù àti bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù há a, ọmọ jókòó tì í lórí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e ró. Ihò gbàgàdà kan wà lẹ́yìn ìjókòó dírẹ́bà, níbi tó yẹ kí gíláàsì wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ onígíláàsì ni kò ní gíláàsì lẹ́yìn, ó ti fọ́ tipẹ́, ẹni tó ń tún ti gbogbo ayé ṣe kò sì ráyè tirẹ̀. Ihò yẹn ni ọmọ gbà sọ̀rọ̀. Ó pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ẹ́ńjìnnì: ọ̀gá wọn tó ń gbóòórùn búrẹ́dì bí ajá kó tó kà á, obìnrin kan níbi iṣẹ́ tó ń fi orin bú ọkọ rẹ̀, ìyá òun fúnra rẹ̀, tó máa ń fi ṣúgà pamọ́ sínú ìkòkò tí kò ní ìdérí, tó sì máa ń bínú pé èèrà mọ ibẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi yà bàrá. “Bàámi, gíláàsì o!” ni ọmọ kígbe. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kígbe mọ́ ọn lọ́nà tó dùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún pè é. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò dúró kí ọ̀sẹ̀ tán kó tó pè é. Nígbà tó yá, kò sí oníbàárà tó ní gíláàsì ńlá tí bàbá kì í dá Sátidé fún. “Ṣé kò lè jẹ́ Wẹ́sìdeè?” ni wọ́n á béèrè. “Rárá o,” ni yóò wí, “Sátidé ni gíláàsì ńlá.” Á sọ ọ́ bí ẹni pé ìjọba ló ṣòfin ẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Inú dídùn kì í ṣe é pa mọ́ra, nígbà tí mẹkáníìkì kan dá a dúró lọ́nà, tó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣàìsàn, ṣe ló fi eyín ọ̀kánkán hàn án, ó ní, “Mo mọ̀.”

Ṣùgbọ́n adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Gíláàsì ń ti ọmọ, ọmọ ń ti gíláàsì, ọkọ̀ ń gbọ̀n sí i lójoojúmọ́. Ní Sátidé kan, wọ́n dúró níbi iná ojú ọ̀nà. Ìdúró ni ọkọ̀ náà ti máa ń gbọ̀n jù. Ó hanrun lẹ́ẹ̀kan, ó ta pọ́ún, gíláàsì sì fò kúrò nínú férémù rẹ̀. Ọmọ hán an. Gíláàsì kò fọ́, àmọ́ etí rẹ̀ la àtẹ́lẹwọ́ ọmọ láti ìsàlẹ̀ ìka dé ibi ọrùn ọwọ́. Kò pariwo. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà, wọ́n lọ gbé gíláàsì sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ rán an. Nígbà tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, ó yíjú padà.

“Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ọkọ̀ yìí ṣe. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun.”

Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìbínú kankan nínú, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun bàbá. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi àkísà dì wọ́n, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù Ìyá Páàtì lọ.

Ìyá Páàtì ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà ọ̀fun. Páálí kékeré kún ògiri ọ̀tún, ó kún ti òsì, òun alára jókòó ní ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn káńtà, ìgò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sì í ta ayédèrú. Ó tú àkísà náà, ó to àwọn púlọ́ọ̀gì lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí káńtà, ó gbé ìgò sójú. Ẹnu mẹ́ta nínú wọn pọ́n bí ẹ̀yìn bísíkíìtì, bó ṣe yẹ kó rí. Ìkẹrin dúdú kirikiri, kò sì ga tó àwọn yòókù.

“Onígíláàsì, ta ló fi ọmọ ọmú sáàárín àwọn àgbà?”

“Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọṣẹ́ lọ́nà ni, Ìyá Páàtì. Ó ti ṣe díẹ̀.”

“Díẹ̀ yín gùn o. Ẹ wò ó.” Ó mú àgbà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú ọmọ ọmú lọ́wọ́ òsì. “Eléyìí, ọrùn ẹ̀ gùn. Iná ẹ̀ ń bọ́ sáàárín ibi tí epo wà gan-an. Eléyìí kúrú, inú ihò ló ti ń tan tiẹ̀, bí ẹni tó korí bọ inú ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀. Epo ò gbọ́ nǹkan tó ń wí. Mẹ́ta ń fa ọkọ̀, ọ̀kan kàn ń bá wọn rìn ni. Ẹ wá ní kí ló dé tó ń gbọ̀n?”

“Mi ò tíì sọ pé ó ń gbọ̀n.”

“Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ.” Ó ti dìde, ó ti na ọwọ́ sókè láìwo ibi tó nà án sí, ó sì gbé páálí méjì sórí káńtà. “Irú méjì ló bá ọkọ̀ yín mu. Èyí á pẹ́ gan-an kẹ́ ẹ tó tún pààrọ̀ ẹ̀. Èyí ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ́ńjìnnì yẹn á jókòó jẹ́ẹ́.”

“Jẹ́ẹ́ báwo?”

“Jẹ́ẹ́ báyìí. Ẹ gbé ife omi lé e lórí, omi ò ní dà. Ẹ ò ní wá ẹni tó máa bá yín di gíláàsì mú mọ́.”

Ìròyìn ayọ̀ ni, ó sì sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀. Onígíláàsì kò mú páálí kankan. Ó ń fi ìka yí ọmọ ọmú náà po lórí káńtà, dúdú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ìyá Páàtì.”

“Mo ń gbọ́ yín.”

“Ṣé kò sí èyí tó máa tún un ṣe díẹ̀?”

“Díẹ̀ bíi ti báwo?”

“Kó má gbọ̀n débi tó máa fò, tó máa gé èèyàn lọ́wọ́. Ìyẹn ò dáa. Àmọ́ kó ṣì máa... kó ṣì máa mì díẹ̀díẹ̀.”

Ìyá Páàtì bọ́ ìgò ojú rẹ̀. “Mo ti rí ẹni tó fẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Mo ti rí ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ wá ayédèrú. Ẹni tó wá ra àbọ̀ àlàáfíà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó retí kí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ náà tán lẹ́nu. “Ta ló ń bá yín di gíláàsì ọ̀hún mú?”

“Ọmọ mi ni.”

“Èyí tó wà nílé búrẹ́dì?”

“Òun náà ni. Sátidé Sátidé.”

Obìnrin náà fa àkísà kan mọ́ra. Ó ń fi etí àkísà nu orí káńtà tó mọ́ tẹ́lẹ̀. “Èmi náà bímọ,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Wọ́n dáa sí mi. Wọ́n jìnnà, àmọ́ wọ́n dáa. Bí oníbàárà bá lọ tán lọ́sàn-án, màá tú àwọn páálí yìí kalẹ̀, màá tún wọn tò, kì í ṣe pé wọ́n dàrú.” Ó gbé ojú sókè. “Ẹ kúkú sọ fún un.”

“Kí n sọ kí ni?”

“Pé ẹ fẹ́ kó máa wá.”

“Kí àgbàlagbà bíi tèmi máa bẹ ọmọ pé kó wá wo ojú mi?”

“Ẹ ò lè bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ lè jẹ́ kí gíláàsì gé e.”

Ọ̀rọ̀ náà já lu ọkùnrin náà níbi tó rọ̀. Ìyá Páàtì rí i pé ó já lù ú, ó sì ní kó má bínú, ẹnu òun ni, ìyá òun ti máa ń bá òun wí lórí ẹ̀. Onígíláàsì ní kò sí nǹkan tó burú. Ó mú páálí àwọn tó máa pẹ́, ó sanwó. Ìyá Páàtì na ọwọ́ láti gbá ọmọ ọmú náà sínú agolo àlòkù, àmọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀, ọkùnrin náà ti mú un, ó ti sọ ọ́ sápò. Obìnrin náà rí i. 

Nílé, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yọ púlọ́ọ̀gì tuntun àkọ́kọ́ nínú páálí, ó wo ẹnu rẹ̀ nínú oòrùn, ó fi ọwọ́ lásán yí i wọlé jẹ́jẹ́ kó má baà wọ́, ó wá fi sípánà fún un díẹ̀. Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀, ó ṣe ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan ihò kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú àpò.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ọmọ ọmú náà. Èéfín rẹ̀ dà nù, irin rẹ̀ sì yọ. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Mẹ́ta ti di tuntun, ẹyọ kan tó kúrú ò lè ṣe nǹkan bàbàrà mọ́. Á gbọ̀n, àmọ́ kò ní gbọ̀n púpọ̀. Ohun tí òun bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù gan-an nìyí, ó ti wà lápò òun látẹ̀yìnwá. Òun á wá fóòmù tó nípọn, òun á ra ìbọ̀wọ́ aláwọ fún un. Ẹni tó bá ń wá àwáwí kì í wá a tì. Ó yí i wọlé, ó dè é, ó wọ ọkọ̀, ó ṣíná sí i.

Ọkọ̀ náà jí, ó sì ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n tó ti àtẹ̀yìnwá lóòótọ́. Ó fẹ́ mọ bó ṣe máa rí lára gíláàsì, ló bá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Gíláàsì kan wà nínú férémù. Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e ró.

Kò jókòó síbẹ̀ rí. Òun ló ń wakọ̀ nígbà gbogbo. Gíláàsì náà ń gbọ̀n mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹranko tó fẹ́ sá lọ, gbígbọ̀n náà gun apá rẹ̀, ó dé èjìká, ó wọ inú eyín. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú. Ó wá bojú wo iwájú láti inú ihò tí ọmọ ń gbà bá a sọ̀rọ̀, ohun tó sì rí ni ẹ̀yìn ìjókòó tirẹ̀. Ohun tí ọmọ ń rí látẹ̀yìnwá nìyẹn: ìpàkọ́ bàbá rẹ̀. Òun náà kò rí ojú ọmọ náà rí nínú gbogbo ẹ̀rín yẹn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Àánú ọmọ náà ṣe é débi tó fi sọ ọ́ jáde lẹ́nu, òun nìkan, lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń gbọ̀n: “Ìyá mi, mo fìyà jẹ ọ́.”

Ó sọ̀kalẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró kí irin tutù, ó tú ọmọ ọmú náà, ó sì jù ú sínú garawa ìdọ̀tí lẹ́bàá ògiri, níbi tó ti máa bá ìyókù gíláàsì lọ. Ó de tuntun kẹrin. Nígbà tó tún tan ọkọ̀, ó rò pé kò tàn ni. Ó ní láti gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ kó tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ kò pe ọmọ. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún òótọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò pè é, ní Ọjọ́bọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ ló pè é, ó ní ọwọ́ òun ti ń jinná, ó béèrè bóyá iṣẹ́ wà ní Sátidé. Bàbá ní iṣẹ́ wà. Ó ní gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ni, ó tóbi. Irọ́ kọ́. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ó sì fi ìyókù ọ̀rọ̀ náà síkùn.

Sátidé dé, ọmọ dé pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wú díẹ̀. Wọ́n gbé gíláàsì náà papọ̀, wọ́n há a mọ́ férémù, wọ́n fi okùn dì í. Ọmọ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ tí kò ní báńdéèjì gbé gíláàsì ró. Bàbá wọ iwájú. Ó tan ọkọ̀, wọ́n sì jáde.

“BÀÁMI, ṢÉ Ẹ GBỌ́ PÉ Ọ̀GÁ WA—” ni ọmọ pariwo láti inú ihò bó ṣe máa ń pariwo. Ohùn rẹ̀ bú jáde sínú òpópónà tó dákẹ́. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ gbé orí sókè. Ọmọ dánu dúró. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Ọ̀gá wa...” kò sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n kọjá ilé epo, wọ́n kọjá iléèwé. Bàbá di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ẹ̀bi mú. Wọ́n dúró níbi iná ojú ọ̀nà, ibi tí ọkọ̀ ti máa ń gbọ̀n jù, ọkọ̀ kò mira. Iná yí, wọ́n lọ. Ọmọ gbá òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Bàámi, ẹ dúró.”

Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọmọ sọ̀kalẹ̀, ó wá sí ojú fèrèsé rẹ̀.

“Ọkọ̀ yìí ò gbọ̀n mọ́.”

“Hẹn.”

“Ìgbà wo lẹ tún un ṣe?”

“Túsìdeè.”

“Túsìdeè. Ẹ wá jẹ́ kí n wọ bọ́ọ̀sì méjì wá. Mo wá di kí ni mú?”

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé gíláàsì òní tóbi ju gbogbo èyí tó kù lọ, pé òun ò fọkàn tán àwọn púlọ́ọ̀gì náà. Ó wo ọwọ́ oníbáńdéèjì tí ọmọ gbé lé ilẹ̀kùn ọkọ̀, irọ́ náà sì kú sí i lẹ́nu.

“Ilé yẹn dákẹ́ jù, ìyá mi,” ló wí. “Ó dákẹ́ jù. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè sọ tó o fi máa wá.”

Bọ́ọ̀sì kan kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ etí gèlè ọmọ. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀ dídùn kankan.

“Ẹ ò sọ ọ́ rí,” ló wí.

“Mi ò sọ ọ́ rí.”

“Ó ń rẹ̀ mí, Bàámi. Gbogbo Sátidé yìí ló ń rẹ̀ mí. Tí mo bá ń pariwo sọ̀rọ̀ sí yín, kí oorun má gbé mi ni, kí gíláàsì má bọ́. Sátidé tó ń bọ̀, mi ò ní lè wá. Mo fẹ́ sùn.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ má bínú o.”

“Ta ló ń bínú?”

Ó gbọ́ tí ọmọ lọ sẹ́yìn, tó ń fa okùn wò, tó ń ti fóòmù mọ́ etí gíláàsì. Ó rò pé ó fẹ́ tún gun ibẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì ló ṣí. Téèpù ìwọnlẹ̀, ìgò gọ́ọ̀mù, fìlà àti àkísà ló kún ìjókòó yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Bàbá fi ìkánjú kó gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀, ọmọ jókòó, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ẹ máa lọ.”

Bàbá lọ. Ó ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọjọ́ Àìkú: ti ọmọ tó sùn sórí ìwé, ti tọkọtaya àti rìmóòtù wọn, ti Ìyá Páàtì tó ń tú páálí tí kò dàrú. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti tọkọtaya, torí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. “O ò mọ ohun tí mo rí,” ló wí, ó sì yíjú sí i. Orí ọmọ ti fi ara ti ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó ti sùn. Ẹ́ńjìnnì náà ń lọ jẹ́ẹ́ lábẹ́ wọn, kò sí ohun tó máa jí i. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ó ń yẹ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà sílẹ̀, kì í ṣe nítorí gíláàsì.

Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń retí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ dá ọkọ̀ dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì pa á, torí bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá dáwọ́ dúró lójijì, ó lè jí ọmọ. Oníṣọ́ọ̀bù jáde, ó gbé ọwọ́ sókè láti kí i tariwo-tariwo. Onígíláàsì gbé ìka sétè. Kò yé ọkùnrin náà, ó nawọ́ sí gíláàsì, ó nawọ́ sí ojú fèrèsé tó ṣófo. Onígíláàsì mi orí fún un pé ó di ẹ̀ẹ̀kan ná. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí ọwọ́ ọkọ̀, ó ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, tó ń jáde. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti ń wọ ọkọ̀ yẹn, kò gbọ́ ọ rí.